Ta Ló Rán Ẹ?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí àwọn tó ń já ẹrù ní wáàfù Apápá. Kì í fọwọ́ kan ẹrù kankan láìbéèrè pé, "Ta ló fi í ránṣẹ́? Ta ló ń dúró dè é?" Bó ṣe máa ń bi àwa ọmọ náà nìyẹn l'Ájégúnlẹ̀, tá a bá ti fẹ́ jáde nílé.

Nígbà tí mò ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì, wọ́n pè mí sí àpérò àwọn onímọ̀ ní Gánà, kí n wá sọ ohun tí mo rí nínú omi kànga àdúgbò wa. Ilé ìwé ní àwọn kò lówó ọkọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá.

"Ta ló ń dúró dè ẹ́?"

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni, sà."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Ẹrù tí kò lẹ́ni tó fi í ránṣẹ́, inú òjò ló ń sùn. Àwa la rán ẹ!"

Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dáwó ọkọ̀ mi.

Ní Gánà, kálukú ń dárúkọ àjọ ńlá tó rán an wá. Nígbà tó kàn mí, mo gbórí sókè: "Àwọn tó ń já ẹrù ní Apápá ló rán mi."

Mo fún Bàbá ní káàdì orúkọ tí mo fi sáyà níbẹ̀. Ló bá fi sáyà lọ síbi iṣẹ́.

"Bàbá, orúkọ obìnrin mà lẹ fi sáyà!" ni máígádì ẹnu géètì wí.

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Èmi ni mo rán an."