Ọjọ́ Tí Ohùn Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Kún Pálọ̀

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń bínú, ìbínú ọ̀hún sì ti Ògbómọ̀ṣọ́ bá wa dé Ìkòtún. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi fóìsì, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá mi, wọn ò sì rí èsì gbà. Wọ́n ní àbúrò àwọn ti di ọlọ́lá Èkó. Irọ́ gbáà! Etí bàbá mi ló ń di, ìtìjú ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pàápàá pé a ò gbọdọ̀ sọ. Tí a bá gbé fóònù sí wọn létí, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ó dáa, ó dáa." Kí ló dáa níbẹ̀? Wọn ò gbọ́ nǹkan kan!

Sitẹ́rìò àtijọ́ kan wà ní pálọ̀ wa ṣá, tí màmá mi ti sọ di tábìlì òdòdó. Mo mọ̀ pé tí ohùn kan bá máa wọ etí bàbá mi, ibẹ̀ ló máa gbà. Ni mo bá lọ ra bùlútúùtù kékeré kan ní rọ́ńdábáòtù, èyí tó máa ń gba orin láti inú fóònù láìlo wáyà, tá á sì gbé e fún sitẹ́rìò.

Bí mo ṣe kì í bọ ẹ̀yìn sitẹ́rìò, tí mo tan iná, obìnrin kan fi òyìnbó imú pariwo nínú sípíkà. Màmá mi fò sókè.

"Ta nìyẹn? Ta ló wà nínú ilé mi?"

"Mọ́mì, ẹ̀rọ ló ń sọ pé òun ti ṣetán."

"Sọ fún un kó rọra jàre, ilé bàbá ẹ̀ kọ́ nìyí!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo tẹ orin sákárà kan lórí fóònù mi, pálọ̀ wa dákẹ́ lọ gbári. Àfi bí aládùúgbò ṣe figbe ta pé ta ló fi sákárà sí tẹlifíṣọ̀n òun! Áà, tẹlifíṣọ̀n tiwọn ni mo so fóònù mi mọ́. Mo yáa tún un ṣe, ó di gbìì, fèrèsé ń gbọ̀n, màmá mi gbé òdòdó wọn mọ́ra, wọ́n ń jó.

Bàbá mi wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Mo so fóònù tiwọn mọ́ sitẹ́rìò, mo tẹ fóìsì àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo yí ohùn rẹ̀ dé òpin.

"Ìwọ!" Ohùn ẹ̀gbọ́n wọn gba gbogbo ilé kan. "Ìwọ ọmọ ìyá mi yìí! Ṣé èmi tí mo pọ̀n ọ́ ni o ń bá yan odì?"

Mo gbọ́ gbàgà, bútà ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n sáré wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Kí wọ́n tó wo ẹni tó wà ní pálọ̀ rárá, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú sitẹ́rìò.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má bínú! Ìgbà wo lẹ dé Èkó?"

Gèlè bọ́ lórí màmá mi níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dádì, sitẹ́rìò ni o! Fóìsì ni!"

Wọ́n gbójú sókè. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

"Mo gbọ́ wọn," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀! Tẹ̀ ẹ́ sí i!"

Inú mi dùn débi pé mo ń fò bí ọmọdé. Lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n gba fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, etí mi ló ń di. Ojú ló ń tì mí."

Màmá mi ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní àwọn ò dìde, ẹ̀gbọ́n àwọn ò tíì dáhùn.

Nígbà tí èsì dé, ohùn ẹ̀gbọ́n wọn ti rọ̀.

"Ṣé nítorí ìyẹn náà ni? Ó ti tó, dìde nílẹ̀, kí òtútù má baà mú ọ."

Kò sì sí ẹni nínú wa tó sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé bàbá mi wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.