Ẹṣin Tó Ń Fi Ọrùn Gbọ́ràn

Parakú ni ọ̀gá mi ti ra ẹṣin yẹn, ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá sí Kútọnu. Akọ ni, pupa, ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò tíì gùn ún rí. Òmìnira ò tíì pé ọdún kan nígbà yẹn. Àwọn òyìnbó ń lọ, àwọn tiwa ń kó sínú ilé wọn, wọ́n fẹ́ máa gun ẹṣin bíi tiwọn náà. Ọ̀gá mi, Nàgó bíi tèmi, akọ̀wé àgbà ní bírò ìjọba, ní: "Tó o bá kọ́ ọ kó tó di àyájọ́ òmìnira, ìwọ lo máa gùn ún níwájú gbogbo ayé." Mo ní ẹ ṣeun, ọ̀gá. Òpònú ni mí.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Bàbá Bàrìbá kan ló bá ẹṣin wọ ọkọ̀ wá, ó lo ọjọ́ mẹ́fà, mo ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń mú okùn ìjánu, torí ọ̀kọ̀ ló ni ọwọ́ ọ̀tún lọ́dọ̀ wọn. Kì í fa ẹnu ẹṣin. Tó bá fẹ́ yà sósì, á fi okùn kan ọrùn ẹṣin lápá ọ̀tún, jẹ́jẹ́, ẹṣin á sì yẹra fún okùn.

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, létí òkun lẹ́yìn Cadjèhoun. Mo fi aṣọ wé irin ẹnu ẹ̀ kó má dùn ún. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré síbi tí mo fẹ́, mo dẹ okùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá ṣorí kunkun, màá sọ̀ kalẹ̀, màá bú u, màá bú ìyá ẹ̀, màá gbá iyanrìn nípàá. Mi ò lù ú rí. Lóṣù kẹta, ìka kan ti tó láti fi yí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Gbégamey ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọkọ ẹṣin! Ìgbà wo lo máa mú ìyàwó wá kí mi?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà máa rí mi lọ́jọ́ yẹn."

Ó ku ọjọ́ méjì kí àyájọ́ pé, ọ̀gá dé tòun ti bàtà gígùn tuntun láti ọjà Ganhi.

"Èmi ni màá gùn ún."

"Ọ̀gá, ẹ ní èmi ni."

"Ìwọ tó ò ka ìwé? Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ wá wò? Àkísà wo ló wà lẹ́nu ẹ̀ yìí? Tú u!"

"Ẹ jẹ́ n fi hàn yín bó ṣe ń..."

"Fi kí ni hàn mí? Faransé ni mo ti kọ́ ọ. Pa ẹnu ẹ dé!"

Mo pa á dé. Mo ti rí báwọn òyìnbó ṣe ń gun ẹṣin: ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń mú okùn, apá tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ń fà. Mo mọ̀ pé tó bá fa òsì mọ́ àyà ara ẹ̀, okùn òsì á lẹ̀ mọ́ ọrùn, ẹṣin mi á yà sọ́tùn-ún. Odidi ọjọ́ kan ṣì wà tí mo lè lọ sọ fún un. Inú ń bí mi. Mo ní kí ojú tì í.

Lọ́jọ́ àyájọ́ náà, níbi tí gbogbo àwọn tó ń gun ẹṣin ti yà sósì, ọ̀gá fa òsì, ẹṣin bọ́ sọ́tùn-ún, sáàárín èrò. Àwọn èèyàn fọ́n ká. Ẹnì kan kígbe: "Ẹ wò ó, ẹṣin ló ń gun mùsé, ẹṣin ló ń gun ọ̀gá!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó tún fà á, ó ń fà á tagbára tagbára, ẹṣin ń yà sọ́tùn-ún bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, títí mo fi rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ ẹ̀. Mo sáré lọ dì í mú.

"O mọ̀?" ni ọ̀gá ń wí, òógùn bò ó.

"Mo mọ̀."

"O ò sì sọ?"

"Ẹ ní kí n pa ẹnu mi dé."

Ó gbá mi létí. Lọ́sẹ̀ yẹn ó ra irin ẹnu eléyín, ó ní kí n tún ẹṣin kọ́. Mo tún fi aṣọ wé irin, mo fi okùn kan ọrùn ẹ̀, jẹ́jẹ́. Kò yà. Ó gbórí sókè, ó lanu, ó ń retí kí n fa ẹnu ẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi gbìyànjú, bẹ́ẹ̀ ló ń lanu. Wọ́n tà á fún ọkùnrin kan tó ń kó iyanrìn.

Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní ọ̀gá ló ba ẹnu ẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún, torí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyájọ́, mo ti sọ fún un pé mi ò ní kìlọ̀ fún ọ̀gá.