Ìyá Sánmà àti Ojú Ọ̀run Tí Kò Yé E Mọ́

Alágbàfọ̀ ni, lórí òrùlé pẹlẹbẹ ilé alájà mẹ́ta kan ló sì ti ń sá aṣọ oníbàárà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ìyá Sánmà ni àwọn ará ilé ń pè é. Kí wọ́n tó sá aṣọ tiwọn, wọ́n á kọ́kọ́ yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á bi í bóyá òjò máa rọ̀. Á gbójú sókè, á fa afẹ́fẹ́ símú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀, á ní, "Ẹ sá a, àmọ́ ẹ má jìnnà sí i." Bó bá ṣe sọ ọ́ náà ló máa ń rí.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Òjò á ṣú dùdù, gbogbo ilé á sáré kó aṣọ, ẹ̀kán kan ò ní kán. Lọ́jọ́ mìíràn, oòrùn á máa ràn yòò, òjò á kàn ya lulẹ̀ lójijì. Rédíò ní ojú ọjọ́ ti ń yí padà káàkiri ayé.

Ìyá Sánmà ní, "Ó yí padà, kò sì dágbére?"

Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ló wá dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ìyá Sánmà fọkàn nọ́ọ̀sì àgbà tó kó o wá balẹ̀ pé yóò gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò eléruku dé, ó sọ gbogbo rẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀. Ó tún un fọ̀, òjò tún pa á. Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ bá a jà. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, mo máa kó o lọ síbòmíì." Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ó gun òkè ilé lọ, ó nàka sókè. "Kí ni mo ṣe fún ọ?" Bó ti sọ ọ́ tán lẹ̀rù bà á. Ta ló ń bá wí gan-an? Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀, káfíńtà, tó ń fá pákó.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn bá òjò jà?"

"Ẹ̀yin méjèèjì jà tán, ta ló borí?"

Kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ra ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ fún un. Nọ́ọ̀sì padà wá, iṣẹ́ sì ń lọ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì gbé e gòkè, láìsí aṣọ kankan lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ á máa mi okùn òfìfo. Níbẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé kò wo òkè rí láìní ohun tó fẹ́ gbà. Omi lé sí i lójú, kì í ṣe ti ìbànújẹ́, kì í ṣe ti ayọ̀. Ó fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kọ̀, àfi "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú pátápátá ni ìgbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé iná tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ wà lára ohun tó ń dá kún ooru ayé.

"Èmi náà ni mò ń da ojú ọ̀run láàmú?"

"Màmi, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan."

"Mi ò bi ọ́ bóyá èmi nìkan ni."

Kò lè pa ẹ̀rọ tì, òun ló ń gbé oúnjẹ wá sílé. Ó wá ń fi ẹ̀rọ mú aṣọ oníbàárà gbẹ, ó ń sá ti ara rẹ̀ sókè. Bí òjò bá pa á, á fi í sílẹ̀ títí oòrùn á fi dé. Bí ará ilé bá béèrè bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, á ní, "Ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín, mi ò mọ̀ mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gòkè wá dágbére kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó bá a lábẹ́ òjò wẹ́líwẹ́lí.

"Màmi, kí lẹ ń wò? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò sí. Dúró ná."

Ọmọ gbé báàgì sábẹ́ apá, ó dúró, ó ń wo ibi tí ìyá rẹ̀ ń wò, títí irun rẹ̀ fi tutù. Nígbà tó yá ó ní òun máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò tẹ̀ lé e, ó ṣì ń wo òkè.