Káàdì Mẹ́ta Tó Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Iṣẹ́ tí èèyàn ò lè fojú rí ni mo kórìíra jù, òun náà ni Ọlọ́run sì fi ṣe oúnjẹ mi. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, mo fẹ́ rí ibi tó ti bàjẹ́: wáyà tó já, fáànù tí eruku ti dí lẹ́nu, bátìrì tó ti wú. Ṣùgbọ́n káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, káàdì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà yẹn, ètò kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Òun ló ń kọ́kọ́ jí kí ẹ̀rọ tó mọ ohun tó máa ṣe. Bó bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Bó bá kọ̀, ojú ẹ ni gbogbo ayé máa wò.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbówó, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá bá mi níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà sí apá Challenge, níbi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì á ti máa ṣe ìdánwò. Èmi ni mo gbà wọ́n nímọ̀ràn. Mo ní kí wọ́n ra ogójì kọ̀ǹpútà tí kò ní ibi ìpamọ́ kankan nínú. Láràárọ̀, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á ké sí ọ̀gá kọ̀ǹpútà kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tí à ń pè ní sáfà, sáfà á sì fi gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Mo ní olè ò ní rí nǹkan gidi jí nínú ẹ̀, àwọn ọmọ ò sì ní rí nǹkan bà jẹ́. Màmá gbà mí gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ ń fi mí yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún tó kọjá ni sáfà àkọ́kọ́ kú. A ra òmíràn, ni wàhálà bá dé. Sáfà tuntun ò gbọ́ ohun tí àwọn káàdì àtijọ́ yẹn ń sọ. Ẹ̀rọ á ké títí, sáfà á máa wò ó níran. Ohun tó kù ni kí n pààrọ̀ ètò inú káàdì kọ̀ọ̀kan sí tuntun, gbogbo ogójì. Mo ní n ó ṣe é díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù kan. Àfi bí Màmá ṣe pè mí lọ́jọ́ Ajé pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bí ogójì kọ̀ǹpútà ò bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà lójú wọn, wọn ò ní fọwọ́ sí ilé ìdánwò náà lọ́dún yẹn. 

“Ọmọ mi,” ni Màmá wí, “ibí yìí nìkan ni mo ní. Má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí.”

Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú, inú sì ti ń bí mi láti Mókọ́lá tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti dá wa dúró. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ará Òkè-Ògùn ni wọ́n, àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì mọ èèyàn kí. Wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọ̀nà, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á wá béèrè bóyá iná wà lọ́dọ̀ wa. Ẹnu gbígbẹ ni mo fi dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Àwọn náà ló ń bójú tó jẹnẹrétọ̀, òun la sì ń lò lọ́jọ́ yẹn torí iná ìjọba ò sí. Òfin tí Màmá fún wọn lórí ẹ̀ kò yàtọ̀ sí òfin gbogbo ilé n’Ìbàdàn: bí wọ́n bá ti mú iná wá, kí wọ́n yí i sí iná ìjọba lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí epo má baà ṣòfò. Irin ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, tí à ń pè ní ṣéńjófà, wà lára ògiri ìta. Mo mọ òfin yẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí. Àwọn káàdì tí a rà nígbà náà kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni, Dùgbẹ̀ la ti ṣà wọ́n jọ. Lójú lásán, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àfi kí n tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí n wo bí ètò inú káàdì ẹ̀ ṣe pẹ́ tó, kí n tó mọ fáìlì tó bá a mu. Àwọn kan gbà wẹ́rẹ́. Àwọn kan ní wọ́n ti ti àwọn pa, àfi kí n kọ́kọ́ ṣí wọn, kí n pa ẹ̀rọ, kí n tún un tàn, kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà tó bá mi ṣe agídí fún odindi wákàtí kan. Ó ń sọ fún mi pé òun ò rí káàdì kankan, bẹ́ẹ̀ káàdì rèé níwájú mi. Mo tú u, mo fi aṣọ nu ẹnu ẹ̀, mo dá a padà, ó wá ní òun ti rí i. Mo pòṣé títí ẹnu fi ń ro mí.

Fíláàṣì mẹ́ta tí mo kó àwọn fáìlì náà sí ni mo mú dání, torí náà ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ń ṣe pọ̀. Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, iná ò gbọdọ̀ ṣẹ́, torí a ti pa ètò àtijọ́ rẹ́, tuntun ò sì tíì wọlé tán. Bí iná bá lọ nígbà yẹn, káàdì ò ní mọ ara ẹ̀ mọ́. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́. Mo pariwo ẹ̀ ni. Mo ní iná ò gbọdọ̀ lọ o, ẹ má ki kẹ́tù bọ iná, ẹ má fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Mi ò jáde lọ sọ fún Bàbá. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Lójú tèmi, géètì ni iṣẹ́ tiwọn, kí ló kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Bẹ́ẹ̀, mo ní àpótí bátìrì kan ní ṣọ́ọ̀bù tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá ṣẹ́. Ó wúwo, ni mo bá fi sílẹ̀ l’Ágbówó. Ọ̀lẹ ló bá mi jà, kí n má fi bò.

Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, mo ti ṣe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Fáànù yàrá náà ń fẹ́ ooru sí mi lára. Mi ò tíì jẹun. Ni Bàbá bá yọjú lójú fèrèsé.

“Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà.”

Mo kàn na ọwọ́ sókè láìwo ẹ̀yìn pé kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n tún padà dé, wọ́n fi ìka kan gíláàsì fèrèsé náà pẹ̀lẹ́. Fáìlì tí mo fẹ́ lò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ láti ṣí ni, orí mi ti gbóná.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ tara mi,” ni mo wí. “Ohunkóhun tó bá jẹ́, ó di ìgbà tí mo bá ṣe tán.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn gbójú sókè, ó wò mí. Bàbá ní kò burú, wọ́n sì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tó kàn.

Ó tó ìṣẹ́jú méjì tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ igbe láti òpópónà, igbe tí gbogbo àdúgbò máa ń ké pọ̀ bí wọ́n bá mú iná wá. Igbe ayọ̀ ni. Mo fò dìde, mo forí lé ẹnu ọ̀nà, mo ń pe Bàbá, Bàbá. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí gbogbo yàrá fi ṣú, tó sì tún mọ́lẹ̀. Kò tó kéèyàn ka ení, èjì. Fáànù ń yí lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn ò jí mọ́. Mo tàn wọ́n, mo pa wọ́n, mo tún wọn tàn: ojú dúdú lásán, ìlà funfun kékeré kan ń ṣẹ́jú lókè. Bí mo bá yọ káàdì kúrò, ẹ̀rọ á jí. Bí mo bá dá a padà, á kú. Mo gbìyànjú gbogbo ọgbọ́n tí mo mọ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Màmá gbọ́ ariwo, wọ́n sáré wọlé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé iná ló ṣẹ́, pé káàdì mẹ́ta ti lọ, pé mi ò sì ní òmíràn lọ́wọ́. Wọ́n ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ní kí wọ́n pe Bàbá wá. Bàbá wọlé, wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n mú un lọ́wọ́.

“Bàbá, ta ló yí iná?”

“Èmi ni, Mà.”

“Ṣé wọn ò sọ fún yín pé iná ò gbọdọ̀ ṣẹ́ ni?”

Bàbá wo ojú mi. Wọn ò wò mí pẹ́. Mo mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n dáhùn ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí Màmá ra àwọn kọ̀ǹpútà yẹn, èmi ni mo fi àpótí bátìrì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá lanu, gbogbo ẹ̀ á tú jáde. Mo bojú wolẹ̀, mo ń tú ìdè káàdì kan tí nǹkan kan ò ṣe. Mo tilẹ̀ pòṣé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo pòṣé.

“Ẹ má bínú, Mà,” ni Bàbá wí. “Èmi ni mo kánjú.”

Màmá ní kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ géètì sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá kó o sórí tábìlì, wọ́n kí gbogbo wa pé ó dàbọ̀, wọ́n lọ.

Mo sáré gba Dùgbẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ yẹn, nígbà tí wọ́n ti ń palẹ̀ ọjà mọ́. Káàdì méjì péré ni mo rí. Ẹ̀kẹta, inú kọ̀ǹpútà tèmi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti yọ ọ́. Kí oòrùn Ọjọ́bọ̀ tó yọ, mo ti padà dé Challenge, mo ru àpótí bátìrì lé èjìká. Kò tún wúwo mọ́. Mo so ó mọ́ àwọn ẹ̀rọ tó kù, mo ṣe wọ́n ní mẹ́tamẹ́ta títí wọ́n fi pé. Àwọn alábẹ̀wò dé, wọ́n ní ká tan gbogbo ẹ̀. Ogójì ojú tàn. Ọ̀kan nínú wọn rìn yí yàrá ká lẹ́ẹ̀kan, èkejì béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lọ. Gbogbo wàhálà yẹn, wọn ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń gbàdúrà fún mi, èmi ń ṣe àmín.

Bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi jọ ni ọmọbìnrin tó wò mí lánàá wá dúró tì mí. Ó ní ohun kan wà tó yẹ kí n mọ̀, Bàbá ló sọ ọ́ fún òun nígbà tí wọ́n ń di ẹrù wọn. Epo jẹnẹrétọ̀ ló ti ń tán lánàá. Bàbá ti gbọ́ látìta tí mo ń pariwo pé iná ò gbọdọ̀ lọ, ni wọ́n ṣe wá sójú fèrèsé láti béèrè bóyá kí n dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n fi lọ ra epo. Nígbà tí mo lé wọn, wọ́n lọ jókòó ti jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń sé èémí. Bí iná ṣe dé báyìí, wọ́n sáré lọ yí i kí jẹnẹrétọ̀ tó kú mọ́ mi lórí iṣẹ́. Wọ́n rò pé àwọn gbà mí là ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú àáyá tí iná fi ń yí gan-an ló máa pa àwọn káàdì náà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Màmá ní ọ́fíìsì wọn, mo sọ gbogbo ẹ̀, ti fèrèsé, ti àpótí bátìrì. Ayọ̀ tó wà lójú wọn ṣá. Wọn ò pariwo.

“O dúró níbẹ̀,” ni wọ́n wí, “o ń wò mí tí mo lé àgbàlagbà.”

Wọ́n ní kí n lọ pe Bàbá wá, kí n máà jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú.

Àdúgbò Àpáta ni Bàbá ń gbé, yàrá kan nínú àgbàlá tí wọ́n pín pẹ̀lú èrò púpọ̀. Mo bá wọn níta, wọ́n ń di àpò. Mo fi gbogbo àyà dọ̀bálẹ̀. Mo sọ tẹnu mi, mo ní Màmá ní kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo ní Màmá ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n fún mi ní ìjókòó. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni bóyá gbogbo kọ̀ǹpútà yẹn tàn. Mo ní gbogbo ẹ̀ tàn. Wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun. Wọ́n ní kí n bá wọn kí Màmá, ṣùgbọ́n àwọn ò padà mọ́, lọ́jọ́ Sátidé làwọn ń lọ sílé l’Ókè-Ògùn. Mo tún bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ títí.

“Ẹnjiníà,” ni wọ́n wí, “ti iṣẹ́ kọ́ ló dùn mí. Mo wo ojú yín níjọ́ yẹn. Mo ṣebí ẹ máa sọ̀rọ̀.”

Nígbà tí mo dìde, wọ́n sìn mí dé títì, wọ́n bá mi dá ọkọ̀ dúró, wọ́n sì ní kí awakọ̀ máa rọra.