Àwọn Àlejò Láti Ìlú Tí Dádì Wà

Ní báńkì lánàá, mo gbọ́ òórùn ìpara tí àwọn òyìnbó fi ń dènà oòrùn, mo bá tún di ọmọ iléèwé ní Kuje. Àwọn àlejò láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń bá ìlú wa ṣọ̀rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ìlú yẹn gan-an ni ìyá mi ní bàbá mi wà, mo sì ti wọ aṣọ Iléyá mi sábẹ́ yunifọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n sọ̀ tán, mo gun bọ́ọ̀sì náà, mo ń yọjú wo ẹ̀yìn àga.

“Kai! Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń wá?” ni dírẹ́bà bi mí.

“Dádì mi.”

Ó gbé mi sọ̀kalẹ̀, ó tìlẹ̀kùn. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí kò jìnnà sí iléèwé wa ni ìyá mi máa ń gbé oúnjẹ lọ bá bàbá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo dúró nínú oòrùn, mò ń retí bọ́ọ̀sì kejì.