Àwòrán màmá mi tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹ bá mi dúpẹ́, torí díẹ̀ ló kù kí màmá mi pa mí lónìí!

Àwòrán wọn ìgbà tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo gbé síbí láàárọ̀. Irun orí wọn ga ju Olúmọ lọ. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló kọ́lé sórí obìnrin yìí?"

Wọ́n rí i. Wọ́n ti gbé pàṣán nígbà tí fóònù mi dún. Alhaja kan tó rí àwòrán náà àti nọ́ńbà mi lójú ìwé mi níbí ló ń pè láti Alábàtà.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo di irun yẹn! Bísí dà?"

Màmá mi já fóònù gbà. "Fúnkẹ́! Fúnkẹ́ Aláròyé!" Pàṣán bọ́ sílẹ̀.

Láti kékeré mi ni màmá mi ti ń wá Fúnkẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò mọ̀ pé Fúnkẹ́ ti fẹ́ Alhaji, orúkọ àkọ́bí wọn, Ìyá Ràsídì, ni gbogbo ayé sì fi ń pè wọ́n, títí dórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Abẹ́òkúta kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé o!

Kí n tó ṣẹ́jú, Alhaja ti dé ilé wa l'Ówu. Ẹkún tí wọ́n sun tó omi Ògùn.

"Bísí, mo rò pé o ti gbàgbé mi ni."

"Gbàgbé kẹ̀? Bí mo ṣe wá ẹ tó!"

Èmi alákọrí àárọ̀ ni wọ́n wá ń pè ní ọmọ àtàtà lọ́sàn-án. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Ta ni màmá tiyín náà ń wá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí orúkọ àkọ́bí rẹ̀!