Ìkòkò Iná Màmá Àgbà àti Páànù Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí bàbá mi ń gé aṣọ lé lọ, iná ni mo fi ń ṣeré. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò dáná sunlé. Télọ̀ ni bàbá mi ní Libreville níbí, àdúgbò Oloumi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló sì fi ń lọ aṣọ. Bí èédú inú rẹ̀ bá ti pọ́n, yóò gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án, yóò ní ó ti tó, tàbí ó kù díẹ̀. Èmi náà á na àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú áyọ́ọ̀nù, á sì dà bíi pé nǹkan kan ń fò jáde lára irin náà wá bá mi, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fi aṣọ dí i láàárín, ooru náà á dínkù.

Bàbá mi kì í lé mi. Ó máa ń sọ fún mi pé ọ̀nà tí ooru ń gbà kò jẹ́ ọ̀kan. Ó lè fò láti ara ohun kan bọ́ sára òmíràn láìjẹ́ pé wọ́n fara kanra, bí ti oòrùn tó wà lọ́hùn-ún tó ń ta wá lára níhìn-ín. Ó sì lè wọ inú nǹkan kan, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé òdì kejì. Irin a máa tètè fún un lọ́nà, igi kì í fẹ́ kó kọjá, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ áyọ́ọ̀nù fi jẹ́ igi. Ẹni tó bá ti fi ṣíbí irin sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ gbígbóná rí, tó sì padà wá mú un, kò nílò àlàyé.

Ọdún yẹn ni wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé kékeré kan sí àdúgbò Avéa ni, páànù lókè, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún ní kí jórinjórin kan ní Oloumi bá òun ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin, èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ ibi ìdùbúlẹ̀ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wá wo bẹ́ẹ̀dì yẹn ju bí wọ́n ṣe wá wo ilé lọ.

Ìyá bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Nàìjíríà kó lè wẹ ọmọ. Ó di ẹní dání, ọ̀pọ̀ ẹní, tí yóò fi ta àwọn ará ilé lọ́rẹ. Bó ṣe dé ló ní kí wọ́n ká tìmùtìmù kúrò, pé ohun rírọ̀ kò dára fún ẹ̀yìn ìyá ìkókó, ó sì tẹ́ ẹní kan ṣoṣo lé irin. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìkòkò iná. Ó kó èédú pípọ́n sínú rẹ̀, ó gbé e ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí ìyá mi àti ọmọ máa ń sùn lé.

Ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Nílé wọn, nígbà ọyẹ́, ètè a máa bẹ́, omi inú ìkòkò a máa tutù bíi yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń tọ́jú ọmọ tuntun. Ọmọ tirẹ̀ kan wà tí bàbá mi kò bá láyé. Ọyẹ́ ló pa á, nínú ilé tí ògiri rẹ̀ ti la. Kò sọ ọ́ fún wa, bàbá mi ló sọ ọ́ nígbà tí mo dàgbà. Obìnrin náà kò tíì rí ìlú tí kò ní ọyẹ́ rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a sọ ọmọ lórúkọ, ara rẹ̀ ń gbóná. Kò mu ọmú mọ́. Ẹkún rẹ̀ wá ń rọ bí ọjọ́ ṣe ń ga, ètè rẹ̀ sì gbẹ. Màmá àgbà ní òtútù ló ti wọ inú egungun rẹ̀. Ó fi aṣọ mìíràn wé e, ó sì fẹ́ iná náà kó lè pọ́n sí i. Ìyá mi kàn ń wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyàwó wo ló fẹ́ kọ́ ìyá ọkọ ní ìtọ́jú ọmọ? Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ pé àbúrò mi ń lọ, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Ọ̀sán gangan ni bàbá mi wọlé láti ṣọ́ọ̀bù. Ó fọwọ́ kan irin níbi orí bẹ́ẹ̀dì, tó jìnnà sí iná, ó sì yára fà á kúrò. Ó gbé ojú sókè. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí páànù, bó ṣe máa ń ṣe sí áyọ́ọ̀nù. Mo rò pé yóò jágbe. Kò jágbe. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín."

Ó rò pé ọmọ òun ń káàánú òun ni. Ó ní ó ti rẹ òun lóòótọ́, ó sì dùbúlẹ̀ ti ìkókó náà. Láìpẹ́, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, irin jó o ní apá. Ó yíjú sókè, oòrùn tó ń ta páànù láti àárọ̀ sì ń ti ara páànù bọ̀ sójú rẹ̀. Ó dìde jókòó.

"Iná ti wà lókè ilé yìí kí n tó dá tèmi," ló wí. "Ẹ bá mi gbé ọmọ mi jáde."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò iná náà sóde. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi mángòrò, ó ń tú aṣọ lára ọmọ, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún. Ó ń sunkún, ó ń bẹ ìyá mi. Ìyá mi ní kí ó má bẹ òun, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, wọ́n sì jọ ń sunkún. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà gba ọmú. Ó fà á kíkankíkan bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa wo tiwa títí dé orí òrùlé. Màmá àgbà tú àwọn ẹní tó fẹ́ fi ta àwọn ará ilé lọ́rẹ, bàbá mi sì kàn wọ́n mọ́ igi òrùlé lábẹ́ páànù, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Wọ́n dá tìmùtìmù padà sórí irin. Ọjọ́ tí Àlùfáà sọ ọmọ lórúkọ, abẹ́ ẹní ìyá àgbà ni gbogbo wa jókòó sí, ó sì tutù níbẹ̀.

Ayé ti yí. Àbúrò mi ti hu ewú, ó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ti sanra débi pé mo máa ń bi í pé ṣé òun náà ni. Lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, mo sì lọ wẹ ọmọ. Àjà funfun wà nílé àbúrò mi, ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń pè ní kílíìmù sì ń fẹ́ wẹẹ lára ògiri. Bí mo ṣe wọlé, òtútù gbá mi mú. Ọkàn mi sọ pé wọ́n fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti nawọ́ mú kúbùsù tó nípọn, mo fẹ́ ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, nígbà tí mo rí ojú ọmọbìnrin yìí. Ó kàn ń wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú ìyá mi ni.

Mo fi kúbùsù sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo ní kó sún díẹ̀ fún mi, mo sì dùbúlẹ̀ ti ìkókó náà. Àbúrò mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé ó ti rẹ̀ mí ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sinmi díẹ̀ níbi tí ọmọ ń sùn.